Etí Ojú Sánmà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Lèmọ́mù Àbdùlràhmàn ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí láìdi ẹnikẹ́ni mú. Làmídì, ọkọ Kúbúrátù, ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ti sọ ọ́ di ẹni tí ń gbé orí ẹní látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàlíkísù náà wà, obìnrin gbọọrọ tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àmọ́ Ṣàmsúdéènì, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàlíkísù bí, bóyá ó wà o, bóyá kò sí o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìríra náà gbà wọlé.

Ṣàmsúdéènì ló fẹ́ Sùmáyyà, ọmọ Kúbúrátù. Làálì ẹsẹ̀ ìyàwó kò tí ì ṣí tán nígbà tí ọkọ ní òun ń lọ mọ bíríkì ní Líbíà, òun ò ní pẹ́. Iṣẹ́ náà kò tí ì fara rọ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn tí ìlú dìbò yàn, tí fọ́tò olóṣèlú bo ara ògiri ní Niamey tí a ń gbé, láti àdúgbò Maourey dé ọjà Katako, tí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ bí eṣú. Bí àwọn kan ṣe ń jó nítorí ìbò, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń já àwọn tó sá fún ogun sílẹ̀ ní Niamey, eruku bò wọ́n bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́. Bàlíkísù àti Kúbúrátù ń lọ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò rí ojú Ṣàmsúdéènì. Ọkùnrin kan sọ pé òun rí i nínú ọkọ̀ tó ṣáájú tiwọn wọ aṣálẹ̀. Ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá sọnù báyìí, òfin ní kó dúró fún ọdún mẹ́rin. Bí ìròyìn kò bá wá, Lèmọ́mù á ka ọkọ sí òkú, wọ́n á kírun sí i láìrí òkú rẹ̀, obìnrin á ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà okùn á tú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, kò gbọdọ̀ sunkún. Ẹni tó bá sunkún ọkọ tí a kò tí ì kà sí òkú, wọ́n ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi pa á. Nítorí náà, Sùmáyyà ń gbé ní ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Maourey, ó ń se, ó ń fọ̀, ojú rẹ̀ gbẹ bí àgbá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àlíyù tó ń ta pákó ní Katako, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, ti ránṣẹ́ sí Làmídì pé bí ọjọ́ bá pé, òun wà níbẹ̀ o.

Ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí ìsọmọlórúkọ kan pa gbogbo wọn pọ̀ ní àgbàlá Bàlíkísù. Wọ́n ti jẹun tán, ni Hàkímù bá ń dá àwọn ìyá lára yá. Ọmọ àbúrò Kúbúrátù ni Hàkímù, ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà lódì kejì odò. Yorùbá rẹ̀ kò nípọn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti gbé etí kan sójú sánmà. Etí ńlá! Wọ́n ká a bí agbòòrùn kí wọ́n tó rán an lọ, ìgbà tó dé òkè ló là. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń jìnnà títí tó fi ń sún mọ́ òṣùpá. Òun àti àwọn àwo ńláńlá tó wà nílẹ̀ níbí á jọ dẹtí sí ìràwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Á wá dà bíi pé etí kan ṣoṣo ni wọ́n, etí tó fẹ̀ ju ayé lọ."

"Kí ni ìràwọ̀ ń wí?" Bàlíkísù ló béèrè.

"Kì í sọ̀rọ̀, Màmá. Ó kàn ń dún ni, bíi rédíò tí kò rí ilé iṣẹ́ kankan mú. Ṣàààà. Ìyẹn ni wọ́n ń gbà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí."

"Ṣàà kí ni?" ìyá kan dá a lóhùn. "Wọn ò gbọ́ ti aládùúgbò wọn, ti ìràwọ̀ ni wọ́n ń gbọ́! Ayé òyìnbó mà fẹ̀ o."

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Àáfà Jàfárù tó ń tẹ yanrìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síbi tí ẹran pọ̀ sí, ó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun mu. Ó yọ eegun lẹ́nu.

"Ìràwọ̀ tó bá kú ńkọ́, Hàkímù? Ṣé yóò ṣì máa dún?"

"Bó pẹ́ bó yá, ohùn rẹ̀ á tán, Àáfà."

Jàfárù mi orí. Ó fi eegun sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọlọ́ràá náà pa irùngbọ̀n rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kúbúrátù rí ọ̀rá náà tó ń dán nínú irun funfun. Ó gbójú kúrò.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn ènìyàn wa mọ̀ pé àwọn àáfà tó ń tẹ yanrìn máa ń ṣírò orúkọ ọmọ pọ̀ mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, kí wọ́n fi mọ ìràwọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Lèmọ́mù Àbdùlràhmàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí, àmọ́ kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣe é. Jàfárù fúnra rẹ̀ ló ṣírò ti Ṣàmsúdéènì lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ wá wo bí ọkùnrin náà ṣe so ó pọ̀: olúkúlùkù ló ní ìràwọ̀, etí wà lókè tó ń gbọ́ ìràwọ̀, ìràwọ̀ tó bá dún, ẹni tó ni ín kò kú. Ta ni yóò já a nírọ́? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù kọ́.

Nígbà tí Lèmọ́mù ránṣẹ́ pe ilé méjèèjì pé ọdún mẹ́rin ti pé, Bàlíkísù wọlé sí Kúbúrátù láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Sùmáyyà, ẹ dìde. Ọmọ wa ń dún!"

"Ọmọ wo?"

"Ṣàmsú! Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ̀yin náà gbọ́."

Kúbúrátù bá a lọ. Àárín Àsárì àti Màngàríbì ni, oòrùn ṣì ń ta. Jàfárù ti gbé páràbọ́ọ̀lù kan sórí òrùlé rẹ̀, irú àwo ńlá tí wọ́n fi ń fa tẹlifíṣọ̀n láti òkè. Ó ti dípẹtà, ẹyẹlé ti ṣu sí i. Ó fa wáyà láti ara rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rédíò kékeré kan. Abẹ́ rédíò náà ni yanrìn tó tẹ̀ wà nínú ọpọ́n. Yàrá náà ń rùn, òórùn tùràrí, òórùn ẹran ọjọ́ mẹ́ta àti òórùn ẹsẹ̀ àwọn ìyá tó ti jókòó pẹ́. Àwọn ìyá náà kún ẹnu ọ̀nà, Hausa, Zarma, Yorùbá, gbogbo àwọn tí aṣálẹ̀ gbé ọmọ wọn mì. Kò sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfìfo.

"Ìràwọ̀ lójú oòrùn, Àáfà?" Kúbúrátù béèrè.

"Ojú ló ń wá òkùnkùn, Ìyá Sùmáyyà. Etí kì í wá a." Ó rẹ́rìn-ín, obì wà láàárín eyín rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ má mí gúlegúle."

Ó yí rédíò. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn ní Faransé, ó kọjá rẹ̀. Orin Hausa kan, ó kọjá rẹ̀. Ó wá dúró síbi tí kò sí nǹkan kan. Ṣàààà. Bí ọ̀rá tó ń yọ́ lórí iná. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lórí òrùlé, wáyà mì, ohùn náà ròkè, ó tún rọlẹ̀.

"Ẹ gbọ́!" Bàlíkísù di ọwọ́ Kúbúrátù mú. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń mí láti kékeré, ẹ bi Sùmáyyà. Ihò imú rẹ̀ kì í ṣí dáadáa."

Kúbúrátù dẹtí. Ó dẹ ẹ́ tọkàntọkàn, nítorí òun náà fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣàààà ló gbọ́. Ó wo ojú Jàfárù. Ojú ọkùnrin náà kò sí lára rédíò rárá, ara àpò ìrẹsì tí ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ló wà. Kúbúrátù dìde, ó jáde, ó tutọ́ sínú eruku.

Níwájú Lèmọ́mù, Bàlíkísù fi ọwọ́ lé Àlùkùránì pé òun gbọ́ ọmọ òun láàyè. Lèmọ́mù Àbdùlràhmàn bínú títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá Ṣàmsú, ìràwọ̀ kì í ṣe ènìyàn! Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò mọ̀ yín, kò mọ ọmọ yín!"

"Lèmọ́mù, ẹ̀yin ò bí i. Èmi tí mo bí i, mo ní ó wà láàyè. Ṣé ẹ̀yin ó kírun òkú sí ọmọ mi lójú mi, kí n tó gbà fún yín?"

Àgbàlagbà náà wò ó, ó wo Sùmáyyà tó tẹ orí kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè kírun òkú sí ẹni tí ìyá rẹ̀ búra pé ó wà láàyè. Kí ìyá fúnra rẹ̀ tú ìbúra náà ká, ọjọ́ yẹn ni òun ó ṣe é. Ìdúró Sùmáyyà bá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọdún ń gorí ọdún. Làmídì kú, wọ́n sin ín. Ìbò mìíràn dé, fọ́tò tuntun lẹ̀ mọ́ orí fọ́tò àtijọ́ lára ògiri. Bàlíkísù ń lọ sí ilé Jàfárù, ó ń gbé abọ́ ọlọ́mọrí lọ, ó ń gbé òfìfo bọ̀. Itan àgbò Iléyá, ti Jàfárù ni. Aṣọ tó bá dára nínú àtẹ ọjà rẹ̀, ti Jàfárù ni. Bí ohùn bá ròkè, Jàfárù á ní Ṣàmsúdéènì ti jẹun yó. Bó bá rọlẹ̀, á ní kí wọ́n mú nǹkan wá fún sàráà. Àlíyù dúró, ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú níbi ìdúró. Nígbà tó yá, ó wá kí Kúbúrátù ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Petit Marché, kò lè wojú rẹ̀, ó ní àwọn ẹbí òun ti mú ọmọbìnrin kan wá láti Gaya.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́," Kúbúrátù wí fún un. "Ìwọ ò ṣẹ̀."

Lọ́jà, ẹnu kò dákẹ́. Obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà, Ṣítù lorúkọ ọkọ rẹ̀, òun ló fún Sùmáyyà ní orúkọ tó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyàwó Ìràwọ̀, o ò ra àlùbọ́sà lónìí? Àbí ọkọ rẹ kì í jẹ ẹ́ lókè?"

"Ẹ wọ̀n ọ́n fún mi, Ìyáàfin Ṣítù," Sùmáyyà fèsì láìbojú wẹ̀yìn. "Bí ọkọ mi kì í jẹ ẹ́, èmi ń jẹ ẹ́. Ẹkún tí ẹ̀yin ń sun lórí rẹ̀ náà, ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn, mi ò ní tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Kúbúrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ọmọ òun ti ń dàgbà lójú ẹ̀gàn, kò sí ọkọ, kò sí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkú tí yóò sunkún rẹ̀.

Nínú òjò ọdún kẹjọ tí Ṣàmsúdéènì ti lọ, Jàfárù wá sí ìsọ̀ Kúbúrátù. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó kó dàbínù sẹ́nu, ó ń tu kóró rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí Kúbúrátù tẹ́.

"Ìyá Sùmáyyà, ẹ ṣe ọkàn gírí. Ìràwọ̀ ti wọ̀."

Kúbúrátù gbé ojú sókè. "Ìgbà wo?"

"Àná, lẹ́yìn Àsárì. Ó ń dún, ó ń dún, ó ṣàdédé já bí òwú. Ìnnà lìlláhì."

Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti mọ̀, omi lé sí Kúbúrátù lójú. Ẹ̀dá kò ṣeé gbọ́kàn lé: irọ́ tí a kò gbà gbọ́, bí wọ́n bá ní ó ti kú, a tún dun ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi etí gèlè nu ojú nígbà tí Jàfárù tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọmọbìnrin kò yẹ kó dá wà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé mi kan lọ sílé, kò padà mọ́. Ààyè wà. Bí opó bá ti parí, màá wá kí yín bó ṣe yẹ."

"Ta ni ń fẹ́ ẹ? Ọmọ yín?"

"Èmi náà ni! Ta ló mọ ọ̀nà ilé yín jù mí lọ?" Ó tu kóró dàbínù mìíràn. "Mo ti ń wò ó tipẹ́. Ọmọ tó ní sùúrù ni."

Ó ti ń wò ó tipẹ́. Itọ́ kún ẹnu Kúbúrátù, kò rí ibi tu ú sí nítorí aṣọ ọjà. Ó gbé e mì, ó korò. Ọkùnrin yìí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun, òun náà ló wá ń yọ kọ́kọ́rọ́ láti inú ṣòkòtò ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

"Etí yẹn náà ni ẹ fi gbọ́ ọ, Àáfà? Ti ojú sánmà?"

"Òun náà ni. Òmíràn ò sí."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ wá sọ ọ́ fún Ìyá Ṣàmsú níwájú Lèmọ́mù."

Jàfárù lọ tán ni Kúbúrátù ránṣẹ́ pe Hàkímù, tó ti di tíṣà nígbà náà ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé òótọ́ ni pé ìràwọ̀ lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí etí yẹn sì gbọ́ ọ? Hàkímù kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lẹ́yìn náà ó di orí mú.

"Màmá, etí wo? Etí yẹn ti kú! Láti inú ọyẹ́ ni. Àwọn tó gbé e sókè ń pè é, ń pè é, kò dáhùn mọ́. Wọ́n ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Kò gbọ́ ìràwọ̀ kankan lánàá."

"Ọyẹ́ tó kọjá yìí?"

"Òun ni."

Kúbúrátù ka oṣù lórí ìka. Ààwẹ̀ dé lẹ́yìn ọyẹ́ náà. Nínú Ààwẹ̀ náà, Bàlíkísù ti ilé Jàfárù dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ohùn Ṣàmsú kò dún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Jímọ̀, òjò ti dá, ilẹ̀ àgbàlá Bàlíkísù ṣì tutù. Wọ́n gbé Lèmọ́mù Àbdùlràhmàn wá lórí àga nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Jàfárù wọ funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúà, ó fà á gùn, ó wá ní kí Bàlíkísù gba kádàrá, pé ìràwọ̀ ọmọ rẹ̀ ti wọ̀. Bàlíkísù kò ké. Ó kàn ń wo ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni ń dúró de gbólóhùn mìíràn.

"Àáfà," Kúbúrátù ni, "kó tó wọ̀, ìgbà wo ló dún dáadáa gbẹ̀yìn?"

"Nínú Ààwẹ̀. Ìyá Ṣàmsú wà níbẹ̀, kedere ló gbọ́ ọ."

"Hàkímù, sọ tìrẹ."

Hàkímù sọ ọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí ojú ń tì í. Ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ etí náà ti kọ́kọ́ jáde. Jàfárù gbọn aṣọ rẹ̀.

"Kí ni ìwé òyìnbó mọ̀? Ohun tó wà nínú yanrìn mi, kò sí nínú ìwé."

"Ṣé yanrìn ni, àbí etí ni?" Kúbúrátù dìde. "Ẹ mú ọ̀kan, Àáfà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi níwájú àtẹ mi pé òmíràn ò sí. Ẹ wá sọ ìyókù ohun tí ẹ bá mi sọ níbẹ̀ fún ìyá ọkọ Sùmáyyà. Ẹ sọ ẹni tó fẹ́ gbé Sùmáyyà níyàwó!"

Jàfárù fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Sùmáyyà gbé orí sókè, ó wo àáfà náà láti irùngbọ̀n dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo ohun tó kú sínú kànga.

"Nínú Ààwẹ̀," Bàlíkísù wí, ohùn rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ mọ́. "Ohun tí mo gbọ́ nínú Ààwẹ̀, kí ni?"

"Ariwo lásán ni, Màmá," Hàkímù dá a lóhùn.

"Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé kó máa bọ̀."

Bàlíkísù na ọwọ́ sí ìkòkò àlùwàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lèmọ́mù. Ó da omi sọ́wọ́, ó fi ìka fọ etí ọ̀tún, ó fọ ti òsì. Ó tún bu omi, ó tún fọ̀ ọ́. Ó ń fi èékánná ha inú rẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí, omi ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wọ inú bùbá, títí Sùmáyyà fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Jàfárù dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i pé ó dàbọ̀. Ilé rẹ̀ ló lọ, níbi tí àwọn ìyá yòókù ti ń dúró dè é pẹ̀lú abọ́ lórí itan.

"Lèmọ́mù," Bàlíkísù wí, "mo tú ìbúra mi ká. Ẹ kírun sí ọmọ mi."

"Ọlọ́run á fún yín ní sùúrù. Àmọ́ mo ní láti mọ ọjọ́ tí opó ti máa bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ṣàmsú. Ọjọ́ wo ni kí n kà á sí pé ó kú?"

"Òní. Lónìí ló kú."

Sùmáyyà ṣì di ọwọ́ tútù náà mú. "Ìyá wa," ó béèrè, "ṣé mo lè sunkún báyìí?"

"Sun ún, ọmọ mi. Sun ún dáadáa."

Igbe tó jáde lẹ́nu Sùmáyyà kọjá ògiri. Àwọn Zarma aládùúgbò sáré wọlé láìwọ bàtà, wọ́n ń bi Kúbúrátù pé ta ló kú. Ó ní Ṣàmsúdéènì ni, ọmọ Bàlíkísù, ọkọ ọmọ òun.

Wọ́n ní ìgbà wo?

Ó ní ní ọ̀sán yìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.